Ààwẹ̀ Tí Ìdùnnú Gbé Lọ Sórí Pápá

"Ẹ tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i! Èyí ló kẹ́yìn!"

Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé ló ń dún bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wọn ní Adó-Èkìtì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, oòrùn ò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ wọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó máa sáré rílè fún ilé-ìwé náà, eré tí wọ́n ń gbé igi lé ara wọn lọ́wọ́, tún gbéra. Fọlákẹ́, ọmọ Ìgèdè, ìlú kan nítòsí Adó, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ló ṣíwájú. Ìdùnnúolúwa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìdùnnú, ló sábà máa ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ẹ̀yìn pátápátá ló wà. Nígbà tó gun òkè náà dé ìdajì, ó dúró, ó di orúnkún rẹ̀ mú, itan rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé gòkè lọ bá a. Ọkùnrin yìí ló ń kọ́ wọn ní bàọ́lọ́jì láàárọ̀, òun náà ló ń kọ́ wọn ní eré sísá nírọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí iṣẹ́ kan ti ń parí tí èkejì ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Ìdùnnú, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì àti ẹ̀wà, sà."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Ìrẹsì, sà."

Irọ́ funfun báláú ni. Láti alẹ́ àná, omi lásán kò tíì kan ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà.

Olùkọ́ náà mi orí, ó sì pe àwọn yòókù wá jókòó sórí koríko. "Ẹ fọwọ́ kan itan yín," ó ní. "Ẹran líle yẹn, iṣan ni. Kò mọ orúkọ bàbá ẹni, kò mọ ẹni tó mọ̀wé jù ní kíláàsì. Kó tó lè fà kó sì sún, ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan jó. Níbo ló ti ń rí i? Nínú oúnjẹ ni. Iṣu, gààrí, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ bá jẹ, ara á sọ ọ́ di ṣúgà, á kó díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, á kó èyí tó pọ̀ jù sínú iṣan fúnra rẹ̀."

Fọlákẹ́ nawọ́. "Sà, kí ló dé tí ẹsẹ̀ fi máa ń ta wá bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á, tá a bá ti fẹ́ sáré dé òpin?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, agbára díẹ̀ wà nínú iṣan tó ti wà ní sẹpẹ́. Kí o tó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó ti tán. Iṣan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ṣúgà. Tó bá jẹ́ pé ṣe lò ń rọra sáré lọ, afẹ́fẹ́ tí ò ń mí símú á tó láti jó ṣúgà náà tán pátápátá, díẹ̀ á sì gbé ọ dé ibi tó jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ló ń rọra sá rílè? Afẹ́fẹ́ ò ní lè yára tó yín. Iṣan á máa jó ṣúgà láìdúró de afẹ́fẹ́. Agbára á yára dé lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà púpọ̀ ló máa ná sí i, omi kíkan á sì máa kó jọ nínú iṣan. Ìyẹn wà lára ohun tó ń ta yín. Tí ẹ bá ti sinmi, tí ẹ mí dáadáa, ara á palẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Tí ṣúgà tó wà nípamọ́ bá wá tán ńkọ́, sà?" Ìdùnnú ló béèrè, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ọkàn á ní ká lọ, ẹsẹ̀ á ní òun ò lọ. Ara lè máa wá ọ̀rá jó, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára. Ọ̀rá lè gbé ọ rìn láti ibí dé Ìgèdè. Kò lè gbé ọ sá rílè."

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìdùnnú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dúró sí i lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì máa ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ Kátólíìkì mẹ́fà tó wà ní kíláàsì Ìdùnnú jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tàwọn ti eérú níwájú orí. Ẹnì kan ní òun máa gbààwẹ̀ dé aago méjìlá. Mosúnmọ́lá, ọ̀rẹ́ Ìdùnnú, ní òun máa gbà á dé aago mẹ́ta. Gbogbo wọn wá wo Ìdùnnú. "Èmi, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Mi ò ní fẹnu kan omi. Lójoojúmọ́, títí ogójì ọjọ́ á fi pé." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá Mosúnmọ́lá fi ṣẹ́gun Mosúnmọ́lá. Àwọn mẹ́rin yòókù náà já kúrò níkọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Ìdùnnú nìkan, ni wọ́n bá ń pè é ní Sísítà, bí ẹni pé ó ti di obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kékeré á rí i lọ́nà, wọ́n á ní, "Sísítà, ẹ gbàdúrà fún wa o." Ká má purọ́, orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. "Ìjọ ò di ààwẹ̀ oúnjẹ ru ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún," ìyá ní. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́, o sì ń sáré. Fi ẹran sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, fi fóònù sílẹ̀ lálẹ́, fi òfófó sílẹ̀ pátápátá. Ìyẹn tó fún ọ."

"Mo ti gbọ́, mọ́mì."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyá ń ṣe ní gbogbo oṣù náà, kì í sí nílé láàárọ̀ kùtù. Oúnjẹ tó ń dì sílẹ̀ fún un, Mosúnmọ́lá ló ń jẹ ẹ́ ní ilé-ìwé, nítorí Mosúnmọ́lá kì í bi oúnjẹ léèrè ibi tó ti wá.

Ìdíje tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún kì í ṣe kékeré. Gbogbo ilé-ìwé tó wà ní agbègbè náà ló máa wá sí Adó, ilé-ìwé mẹ́ta tó bá ṣíwájú nínú rílè ló sì máa lọ sí Ìbàdàn. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí Fọlákẹ́ ti ń sáré fún ilé-ìwé náà láìkọjá Adó rí. "Ẹ̀yin á tún sáré lọ́dún tó ń bọ̀," ó sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. "Ní tèmi, ó tán nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sá a."

Ìdùnnú rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà pé kí òun sọ òótọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, kí òun sì máa jẹun láti ọ̀la. Ṣùgbọ́n kí làwọn ọmọ kíláàsì á wí? Ṣé Sísítà náà á wá jókòó ti abọ́ ìrẹsì ní aago méjìlá bíi gbogbo ayé? Ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ó pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Ìdíje bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n sá ìpele àkọ́kọ́, ilé-ìwé wọn ṣe ipò kejì, wọ́n sì yege fún ti àṣekágbá tó máa wáyé ní aago méjì. Inú gbogbo wọn dùn. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé kó wọn lọ sábẹ́ ìbòòji, ó pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì fún wọn, ó sì po gúlúkóòsì sínú omi.

"Ẹ jẹ ẹ́ báyìí," ó ní. "Ohun tí iṣan yín ná láàárọ̀, ẹ tètè dá díẹ̀ padà fún un kó tó di ọ̀sán."

Àwọn mẹ́ta yòókù ń jẹun. Ìdùnnú kẹ̀yìn sí wọn, ó fi táwẹ́lì wé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì tirẹ̀, ó tì í sísàlẹ̀ báàgì, ó sì rọra da omi náà sínú koríko. Mosúnmọ́lá, tó wá pariwo fún wọn, nìkan ló rí i.

"Ìdùnnú, jẹun, jàre," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí o bá jẹun lónìí, Jésù ò ní bínú."

"Ìwọ tí ò lè gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lo fẹ́ kọ́ mi?"

 Ọ̀rọ̀ náà dun Mosúnmọ́lá, ó sì dìde kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí aago méjì lù, Ọmọ́táyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ló kọ́kọ́ sáré fún wọn, ó sì gbé igi dé ní ipò kẹta. Ẹnì kejì di ipò náà mú. Nígbà tí igi dé ọwọ́ Fọlákẹ́, ó sá a bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ya ọ̀kan sílẹ̀, ó ya èkejì, ó sì fi àwọn yòókù sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀. Orí ìjókòó mì tìtì. Ìdùnnú na ọwọ́ sẹ́yìn láti gba igi náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Igi náà fẹ́ yọ̀ bọ́ láàárín ìka rẹ̀, ó sáré ká a mọ́, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbéra.

Ibi tó bẹ̀rẹ̀ dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ariwo ilé-ìwé rẹ̀ sì ń dún létí rẹ̀. Ó sá ìdajì ipa náà láìrí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ìgbà tó yí kọ́nà tó kẹ́yìn ni itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó ní kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹsẹ̀ ò gbéra dáadáa. Ó fi apá wọ́ afẹ́fẹ́, ó wa eyín pọ̀, ó pe orúkọ Màríà. Òùngbẹ ti lẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ọmọ kan kọjá lára rẹ̀. Òmíràn kọjá. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré, ẹnì kẹta kọjá, òun náà sì wọlé ní ipò kẹrin, ó sì ṣubú lulẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé gbé e jókòó, ó fi gúlúkóòsì sí i lẹ́nu. Ó mu ún tán, kò tilẹ̀ rántí ààwẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ mi?"

Kí Ìdùnnú tó dáhùn, Ọmọ́táyọ̀ ti gbà á sọ. "Mo rí i, sà. Síníọ̀ Fọlákẹ́ ò gbé igi yẹn lé e lọ́wọ́ dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí Fọlákẹ́. Fọlákẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ìdùnnú?" olùkọ́ béèrè.

Ó lè sọ òótọ́ níbẹ̀. Ó wo Mosúnmọ́lá tó dúró lókèèrè, ó wo àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tó ń pè é ní Sísítà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó ní.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pe Fọlákẹ́ ní Ọlọ́wọ́-Epo ní ilé-ìwé. Àwọn kan á na igi ìgbálẹ̀ sí i bó bá ń kọjá, wọ́n á jẹ́ kó jábọ́, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Fọlákẹ́ ò wá sórí pápá mọ́. Mosúnmọ́lá ló mú ìròyìn wá ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

"Ó ti fún àbúrò rẹ̀ ní bàtà eré sísá rẹ̀," ó ní. "Ó ní ọwọ́ òun ò dára, òun ò ní sáré mọ́ láyé." Ó wo Ìdùnnú lójú. "Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ fúnra rẹ ló yẹ kó sọ ọ́."

Ìdùnnú ò sùn dáadáa. Ó ṣì ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà ò wá sí i lẹ́nu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó gbọ́ òórùn kan nínú yàrá. Òórùn náà ló mú un dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló ti fa báàgì eré sísá jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dúdú, ó ti jẹrà mọ́ táwẹ́lì, búrẹ́dì ti hu funfun. Ìyá ò pariwo. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn.

"Mo rí i pé ò ń rù," ó ní, "mo ní eré sísá ni. Èmi nọ́ọ̀sì! Mò ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ kiri, mi ò wo ọmọ tèmi." Ó mí kanlẹ̀. "Ìdùnnú, ta lò ń gbààwẹ̀ fún?"

"Ọlọ́run ni, mọ́mì."

"Ṣé Ọlọ́run ló ń pè ọ́ ní Sísítà?"

Ìdùnnú fi ọwọ́ bo ojú. Omijé ló kọ́kọ́ dé, ọ̀rọ̀ wá tẹ̀ lé e, ó sì tú gbogbo rẹ̀ jáde: òkè, irọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi, àti Fọlákẹ́.

Ìyá gbọ́ ọ dé òpin. "Pé o fi ebi pa ara rẹ, ìyẹn dùn mí," ó ní. "Omi tí o ò mu nínú oòrùn yẹn lè gbé ọ dé wọ́ọ̀dù tèmi, ká má sọ ibi tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù rẹ tí o gbé lé orí ọmọ ẹlòmíì, ìyẹn dùn mí jù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mu ògì yìí, kí o lọ sí Ìgèdè."

Ó mu díẹ̀, ìyókù ò lọ. Ó gun ọ̀kadà dé ibùdókọ̀ Fájuyì, ó sì wọ ọkọ̀ Ìgèdè níbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Fọlákẹ́, tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ìyá Fọlákẹ́ wà nídìí iná, ó sì fi èdè Èkìtì yọ̀ mọ́ àlejò. "Ọmọ Adó, káàbọ̀! Ulé rẹ rèé. Uṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, dúró jẹun." Ó wọlé lọ gbé abọ́.

Ìdùnnú kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀. "Síníọ̀ Fọlákẹ́, kì í ṣe ọwọ́ yín," ó ní. "Ẹ gbé igi yẹn lé mi lọ́wọ́ dáadáa. Ọwọ́ tèmi ló ń gbọ̀n. Mi ò jẹun, mi ò mu omi, ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Mo parọ́ fún sà, mo sì tún parọ́ mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Fọlákẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. 

"Alaalẹ́ ni mò ń gbé orógùn fún àbúrò mi nínú yàrá," ó ní. "Màá ní kó na ọwọ́ sẹ́yìn, màá sáré bá a, màá gbé e lé e lọ́wọ́. Mò ń wá ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Mi ò rí i." Ó ti ẹ̀gẹ́ tó ń bó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O mọ̀, o sì ń wò mí tí wọ́n ń pè mí ní Ọlọ́wọ́-Epo."

Ó dìde, ó wọlé. Ìdùnnú wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun dúró. Ìyá Fọlákẹ́ jáde, ó da iṣu sínú odó, ó gún un, kò mọ ohunkóhun. Nígbà tó yá, ó ké sí wọn. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jẹ uyán kó tó tutù!"

"Ẹ ṣé, mà," Ìdùnnú dìde. "Mo fẹ́ máa lọ."

"Jókòó." Fọlákẹ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo máa dárí jì ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, wàá sọ ọ́ létí gbogbo ilé-ìwé bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí. Ṣùgbọ́n wẹ ọwọ́ rẹ, kí o jẹun. Ó hàn lójú rẹ pé ebi ń pa ọ́."

Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹun. Òkèlè kìíní ṣòro láti gbé mì. Èkejì lọ dáadáa.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìdùnnú jáde síwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé nígbà tí wọ́n tò. "Kì í ṣe ọwọ́ Síníọ̀ Fọlákẹ́ ló fà á tá a fi pàdánù," ó ní. "Èmi ni mi ò jẹun. Mo gbààwẹ̀ kí ẹ lè máa yìn mí, mo sì parọ́ kí ẹ má bàa dẹ́kun yíyìn mí. Ẹnu mi lè parọ́, ẹsẹ̀ mi ò lè bá a pa á." Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ eléré títí táàmù á fi parí, Ìdùnnú ò sì bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní Sísítà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, Fọlákẹ́ gba bàtà rẹ̀ padà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Ara wa kì í gba ìyìn jẹ, ohun tí a bá fún un nìkan ló ní láti fi ṣiṣẹ́ fún wa. Ẹ̀bi ẹni náà, ọrùn ẹni ló yẹ kó wà. Ẹni tó bá gbé e lé ẹlòmíì lọ́rùn, ó ní láti rìn lọ bá a, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.